Báwo lẹ ṣe ń dá àwòrán olókìkí mọ̀ nínú sírìsì? Ẹ wá dá sí i o

Àbẹ̀kẹ́_Òǹwòran
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ripley ni mò ń wò lọ́wọ́ báyìí, èyí tí Netflix gbé jáde ní 2024 tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, mo sì ń gbádùn ẹ̀ dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti wọ Twitter báyìí ṣe ni wọ́n á kó screenshot kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ayé àtijọ́, wọ́n á ní ẹ wo Caravaggio, ẹ wo Caravaggio, èmi ò sì rí ju ọkùnrin kan tó jókòó sínú òkùnkùn lọ. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n? Àbí ó dìgbà téèyàn bá ka Fine Art ní Yábàá Tẹ́ẹ̀kì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gírámà pa mí, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò yín nílé. Tẹ́ ẹ bá sì mọ sírìsì mìíì tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀, ẹ dárúkọ ẹ̀ kí n lọ wá a.

Tísà_Ọnà
Àbẹ̀kẹ́, kò kan Yábàá Tẹ́ẹ̀kì o. Ripley tó ò ń wò yẹn gan-an ló dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀ torí àwọn tó ṣe é ò fi nǹkan kan bò. Wo àkọlé àwọn epísóòdù ẹ̀ ná. Ìkejì ń jẹ́ Seven Mercies, ìkẹjọ tó kẹ́yìn ń jẹ́ Narcissus, àwòrán tí wọ́n mọ̀ mọ́ Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì ayé àtijọ́, ni wọ́n sì fi sọ méjèèjì. Nínú ìkejì yẹn ni Dickie, ọmọ olówó, ti mú Tom Ripley oníjìbìtì lọ wo àwòrán iṣẹ́ àánú méje yẹn fúnra ẹ̀ ní Naples, ilé ìjọsìn tí Caravaggio yà á fún ní 1607 náà ló ṣì wà dòní, Pio Monte della Misericordia lorúkọ ẹ̀.

Ohun tó yẹ kó o mọ̀ nípa bàbá yẹn ni pé ó pààyàn. Róòmù ló ti ṣẹlẹ̀, 1606, Ranuccio Tomassoni lẹni tó pa, ló bá na pápá bora. Epísóòdù tó kẹ́yìn tiẹ̀ gbé wa padà sí ọdún yẹn. Nítorí náà tó o bá rí Tom tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì kan bọ́ sí òmíràn tó ń wo àwòrán, kì í ṣe fáàjì ló ń ṣe, apààyàn ló ń wo iṣẹ́ ọwọ́ apààyàn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Wáá wo iná. Caravaggio kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kárí yàrá. Ibì kan ló máa ń gbà wọlé, látẹ̀gbẹ́, á bọ́ sójú ẹnì kan, á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ìyókù á wà nínú òkùnkùn biribiri. Lọ wo èyí tí Jésù ti ń pe Mátíù agbowó orí, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì San Luigi dei Francesi ní Róòmù: apá ọ̀tún, lókè orí Jésù, ni ìmọ́lẹ̀ ti wá, ó gba ara ògiri kọjá lọ bá àwọn tó jókòó ti owó nídìí tábìlì, Jésù fúnra ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ọwọ́ tó nà àti díẹ̀ lójú ẹ̀ lèèyàn rí. Tó o bá ti wò ó tán, padà sí epísóòdù ìkẹjọ, ibi tí ọlọ́pàá Ravini ti wá bá Tom nílé ní Venice. Ravini yìí ti bá a sọ̀rọ̀ rí ní Róòmù, nígbà tí Tom ń pe ara ẹ̀ ní Dickie. Àmọ́ kí ọlọ́pàá yẹn tó dé, Tom ti lẹ irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n, ó ti tún àga tò, ó ti sún àtùpà síbí sún un sọ́hùn-ún, ó mọ ibi tí òjìji máa bọ́ sí lójú ẹ̀. Àlejò wọlé, ó jókòó, ó bi í ní ìbéèrè, kò dá a mọ̀. Iná Caravaggio ni Tom sọ di irinṣẹ́ jìbìtì yẹn. Robert Elswit ló di kámẹ́rà mú, ó sì gba Emmy nídìí ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Òǹwòran
Ha! Tísà, mi ò rí àtùpà yẹn bí nǹkan kan rárá. Mò ń padà lọ wò ó báyìí.

ÌyáÌbejì_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ Tísà. Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sunday school dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí, torí Bíbélì ni púpọ̀ nínú àwòrán òyìnbó ayé àtijọ́ dá lé. Dáfídì gbé orí Gòláyátì dání, Pọ́ọ̀lù ṣubú lulẹ̀ lọ́nà Damásíkù, Tọ́másì ń ti ìka bọ egbò Jésù, Júdíìtì ń bẹ́ orí ọ̀gá ológun (ti Júdíìtì yìí ò sí nínú Bíbélì tiwa o, àwọn Kátólíìkì ló ní in). Tó o bá rí ẹnì kan nínú sírìsì tó dúró lọ́nà tí ara ẹ̀ ò fi balẹ̀, tàbí tó gbé nǹkan dání bí ẹni gbé e fún ayé wò, kọ́kọ́ bi ara ẹ pé ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì, ẹ̀yìn ìyẹn kó o tó lọ máa wá àwòrán.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo da Vinci yà sára ògiri yàrá oúnjẹ àwọn mọ́ǹkì ní Milan, láàárín 1495 sí 1498. Lost lò ó láti fi polówó sísìn tó kẹ́yìn, Battlestar Galactica náà lò ó. Ohun tó máa ń tú àṣírí ẹ̀ ni pé gbogbo èèyàn á jókòó sápá kan tábìlì, kò ní sẹ́ni tó kẹ̀yìn sí wa, ta ló ń jẹun báyẹn nínú ilé ẹ̀ kẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ fi ẹni tó wà láàárín sílẹ̀, Júdáásì ni kẹ́ ẹ wá. Nínú ti Leonardo apá òsì wa ló wà, nínú àwọn mẹ́ta tó sún mọ́ Jésù jù, ó fara sẹ́yìn, ó di àpò owó mú, ojú ẹ̀ ṣókùnkùn ju tàwọn tó kù lọ. Òṣèré tí wọ́n bá fi sí àyè yẹn, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Àtàrí_Àjànàkú
Mo gbọ́ gbogbo yín o, àmọ́ ẹ rọra. Èmi ni mo máa ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí ní Twitter. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ọkùnrin tó bá ti dúró lórí àpáta tó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, wọ́n á ní Friedrich ni, ẹni tó ya arìnrìn-àjò lókè kùrukùru ní nǹkan bí 1818. Ṣé kéèyàn má dúró lórí òkè mọ́ ni? Obìnrin tó bá ti jókòó ti fèrèsé, Vermeer ni. Búkà tó bá ti tan iná lọ́gànjọ́, Hopper ni. Haba.

Òfin tèmi rèé: bí ara ṣe dúró nìkan ò tó ẹ̀rí. Mo gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀ tí ìtàn ò nílò rárá, tó jẹ́ pé inú àwòrán yẹn nìkan ló lè ti wá. Ẹ wo American Gothic tí Grant Wood yà ní 1930, bàbá àgbẹ̀ àti obìnrin kan níwájú ilé. Èèyàn méjì níwájú ilé kì í ṣe bàbàrà. Àmọ́ tí bàbá bá di irin oníka mẹ́ta tí àgbẹ̀ òyìnbó fi ń kó koríko mú, tí fèrèsé òkè bá ṣe ṣóńṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí obìnrin ò wo iwájú tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ń wò, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ẹ sún mọ́ àwòrán yẹn dáadáa ẹ máa rí i pé Wood tún fi òwú rán irin oníka mẹ́ta yẹn sáyà aṣọ bàbá. (Wọn kì í ṣe tọkọtaya o. Dókítà eyín ẹ̀ àti àbúrò ẹ̀ obìnrin ló ní kó wá dúró fóun.)

Bákan náà ni àwòrán Marat, ọkùnrin tí wọ́n pa sínú báàfù, tí David ará Faransé yà ní 1793. Òkú inú báàfù pọ̀ bíi yanrìn nínú sírìsì ọlọ́pàá, ẹ má dààmú ara yín. Ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá fì jáde wálẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ funfun wé orí, tí lẹ́tà wà lọ́wọ́ òsì, tí àpótí igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó pariwo.

Ṣadé_Aríran
Ẹ̀gbọ́n Àtàrí, òfin yín yẹn dáa, àmọ́ Hannibal, sírìsì nípa dókítà kan tó ń pa èèyàn jẹ, máa ya yín lẹ́nu. NBC ló ṣe é, 2013 sí 2015. Ẹni tẹ́jẹ̀ bá ń bà lẹ́rù kó má súnmọ́ ọn o, mo bẹ̀ yín. Sísìn kẹta gbé wa lọ sí Florence, ibẹ̀ ni Hannibal ti ń jókòó sí ilé àwòrán Uffizi tó ń fi pẹ́ńsù ya Primavera tí Botticelli yà ní nǹkan bí 1480. Ẹ lọ wo igun ọ̀tún àwòrán yẹn: ọkùnrin kan tí awọ ara ẹ̀ dà bíi búlúù fò dé, ó gbá obìnrin kan mú, òdòdó ń jáde lẹ́nu obìnrin yẹn. Òkú méjì kan wà tí wọ́n rí ní ìlú yẹn láyé ìgbà tí Hannibal ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n tò wọ́n, tòdòdó tòdòdó. Ọlọ́pàá ibẹ̀, Pazzi, torí pé ó mọ àwòrán yẹn ló fi mọ ẹni tó yẹ kó fura sí.

Nígbà tó yá ni wọ́n wá bọ́ sí ti William Blake. ÌyáÌbejì, èyí á dùn mọ́ yín: Ìfihàn orí kejìlá ni, obìnrin tí a fi oòrùn wọ̀ ní aṣọ àti drágónì pupa. Blake ya ju ẹyọ kan lọ, orúkọ wọn fẹ́ jọra. Ọ̀kan wà ní Washington, ọ̀kan wà ní Brooklyn Museum. Ẹ wá wo àkọlé epísóòdù wọn, ọ̀kan ni "clothed with the sun", ọ̀kan ni "clothed in sun", kì í ṣe àṣìkọ, àwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Apààyàn tó wà níbẹ̀ ya drágónì yẹn sẹ́yìn ara ẹ̀ látòkè délẹ̀, nígbà tó sì dé Brooklyn, ó já àwòrán gidi náà gbà, ó rún un, ó gbé e mì! Mo pariwo nílé.

Nítorí náà ìmọ̀ràn tèmi kò ju ti Tísà lọ: ẹ máa ka àkọlé epísóòdù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ play.

Kátólíìkì_Pọ́ńbélé
Ẹ ò dárúkọ The Young Pope! 2016, Paolo Sorrentino ló darí ẹ̀. Ẹ má fo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, ibi tí orúkọ àwọn òṣèré ti ń jáde. Jude Law wọ aṣọ Póòpù, ó ń rìn lọ lẹ́bàá ògiri tí wọ́n gbé àwòrán kọ́, ìràwọ̀ oníná kan sì ń fò látinú àwòrán kan bọ́ sínú èkejì. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn tó wá kí Jésù lọ́mọ ìkókó látọwọ́ Honthorst wà níbẹ̀, Pétérù tó ń gba kọ́kọ́rọ́ látọwọ́ Perugino, Pọ́ọ̀lù Caravaggio lábẹ́ ẹṣin, títí wọ́n fi dé orí bí wọ́n ṣe pa àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Faransé. Tẹ́ ẹ bá wo bí wọ́n ṣe tò ó, láti orí ìbí Jésù ló ti ń lọ sórí àṣẹ, ó wá dórí ìtàjẹ̀sílẹ̀, bàbá yẹn kàn ń rìn lọ ní tiẹ̀ ni, ó tiẹ̀ ṣẹ́jú sí wa. Ní ìparí, ìràwọ̀ oníná yẹn di òkúta, ó bọ́ lu ère Póòpù John Paul kejì, ó ṣubú. Iṣẹ́ Maurizio Cattelan nìyẹn, 1999, ará Ítálì náà ni. Àwọn kan nínú ìjọ bínú sí ère yẹn gan-an nígbà náà, mo sì gbà pẹ̀lú wọn díẹ̀, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sírìsì yẹn, mi ò tíì rí irú ẹ̀.

Ọmọ_Gbọ̀ngán
Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ sírìsì la ń sọ, Desperate Housewives ni bàbá wọn. 2004. Gbogbo wa la wò ó, ta ló mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ wa. Éfà Cranach já èso, èso ńlá kan bọ́ lu Ádámù mọ́lẹ̀. Àwọn tọkọtaya Van Eyck ti 1434, èyí tó wà ní National Gallery ní London, ọkọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, ó ju èèpo sílẹ̀, ìyàwó pẹ̀lú ikùn gbẹ̀ǹdẹ̀ ń gbálẹ̀ kiri. American Gothic tí ẹ̀gbọ́n Àtàrí ń sọ náà wà níbẹ̀, ọkọ ń rẹ́rìn-ín sí ọmọge kan, ìyàwó bá ara ẹ̀ nínú agolo sàdíìnì. Agolo ọbẹ̀ Warhol náà wà níbẹ̀. Ká sọ pé ẹ ò wo epísóòdù kankan, ẹ ti mọ ohun tí sírìsì yẹn fẹ́ sọ nípa ilé ọkọ.

Èyí tó tún rọrùn ni Euphoria sísìn kejì, epísóòdù kẹrin, 2022. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Wọ́n to wọn tẹ̀lé ara wọn: Venus Botticelli tó dúró nínú ìkarahun, àwọn olólùfẹ́ Magritte tí wọ́n fi aṣọ bo orí tí wọ́n wá ń fẹnu konu, Frida Kahlo tó ní ojú olólùfẹ́ níwájú orí. Wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ fíìmù àti fọ́tò o, kì í ṣe àwòrán nìkan. Ó dáa fún ẹni tó ń kọ́ ọ.

Àbẹ̀kẹ́_Òǹwòran
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé. Mo fẹ́ yọ screenshot níbi àtùpà yẹn kí n lè fi wéra, dúdú kirikiri ló ń gbé jáde. Kí ni kí n ṣe?

Dókítà_Fóònù
Netflix ló dí i, fóònù ẹ ò ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ irú áàpù báyẹn kì í jẹ́ kéèyàn ya ojú fóònù. Fi fóònù míì ya ojú tẹlifíṣọ̀n tàbí láàpútọ́ọ̀pù ẹ, ó ti tó. Pa iná yàrá kó má baà dán, kó o sì dúró gangan síwájú ẹ̀.

Tó o bá ti ní in, gbé e sí Google Lens, àmọ́ gé e kù sí ibi tí àwọn èèyàn wà nìkan. Tó o bá gbé e síbẹ̀ lódindi, ẹni tó ń ta kóòtù àti ẹni tó ń ta àga ni Lens máa kó wá fún ẹ. Tí kò bá rí nǹkan kan, yí i padà kí ọ̀tún di òsì, torí àwọn dáírẹ́tọ̀ máa ń yí àwòrán padà nígbà tí yàrá ò bá gbà wọ́n. Tí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, má fi fọ́tò wá a mọ́, fi ọ̀rọ̀ wá a: kọ ohun tó o rí, "obìnrin nínú omi pẹ̀lú òdòdó, painting", Ophelia tí Millais yà máa jáde lójú ẹsẹ̀. Fún àwòrán tó mọ́ kedere, Rijksmuseum ní Amsterdam àti Met ní New York gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún síta lọ́fẹ̀ẹ́, o lè fẹ̀ ẹ́ títí wàá fi rí ojú búrọ́ọ̀ṣì. Dátà ló máa jẹ ṣá, ṣe é lórí wifi.

Àtàrí_Àjànàkú
Kí n fi kún ti Dókítà: lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ wá ibi tí ẹni tó di kámẹ́rà mú tàbí ẹni tó ṣètò ilé eré ti sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń fẹ́ràn láti sọ ọ́, kò sí àṣírí níbẹ̀. Tí wọ́n bá sọ pé Vermeer làwọn tẹ̀ lé, a jẹ́ pé Vermeer ni. Tí wọn ò bá sọ ọ́, ẹ kọ "ó jọ ọ́", ẹ má kọ "òun ni".

Àǹtí_Houston
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ti òyìnbó nìkan lẹ ń dárúkọ látàárọ̀! Ẹ ò wo Empire ni? Fox, 2015. Ẹ wo ara ògiri ilé Lucious dáadáa, àwòrán Kehinde Wiley wà níbẹ̀. Kehinde yìí, Táíwò ẹ̀ wà, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá ẹ̀, Ìbíbíò ni, Los Angeles ni wọ́n bí i sí ní 1977. Ibi tó ti wá dùn ni pé àwòrán Wiley fúnra ẹ̀, àwòrán olókìkí ló wà nínú ẹ̀. Ó mú Napoleon lórí ẹṣin tí David yà ní 1801, ó yọ Napoleon kúrò, ó gbé ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan lé ẹṣin náà pẹ̀lú aṣọ ológun alámì-tótòtó àti bàtà Timberland. David kọ orúkọ Bonaparte sára òkúta nísàlẹ̀, Wiley fi Williams kún un. Tẹ́ ẹ bá wá ronú sí i pé irú àwòrán báyẹn ló wà lẹ́yìn Lucious tó jẹ́ pé títa oògùn olóró lójú pópó ló ti bẹ̀rẹ̀ tó wá ń pe ara ẹ̀ lọ́ba orin, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Òun náà ló ń gun ẹṣin tí kì í ṣe tiẹ̀.

Àwa àgbààgbà náà ò lè gbàgbé Good Times. Ernie Barnes ló ya àwọn àwòrán tí J.J. ń yà nínú eré yẹn, The Sugar Shack ẹ̀ sì wà níbi tí orúkọ àwọn òṣèré ti ń jáde. Ní 2022 wọ́n ta àwòrán yẹn ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là ó lé.

Tísà_Ọnà
Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn míì. Ọ̀nà méjì ni nǹkan yìí ń gbà wá: kí òṣèré dúró bí àwòrán, tàbí kí àwòrán wà lára ògiri kó máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òṣèré. Ẹ má fojú kéré ti ògiri. Nínú Mad Men sísìn kejì, ọ̀gá àgbà ra Rothko kan sí ọ́fíìsì, àwọn ọmọ iṣẹ́ yọ́ wọlé lọ wò ó. Ọ̀kan ní ó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀, ọ̀kan ní bóyá ká kàn jẹ́ kó wọni lára ni, ọ̀gá ní tiẹ̀ owó ló rí níbẹ̀. Gbogbo wọn ti tú ara wọn fó síwájú àwòrán pupa lásán.

Ọmọ_Gbọ̀ngán
Nílé ńkọ́? Mo ń ronú Tutu tí Ben Enwonwu yà, ọmọ ọba Ifẹ̀, Adétutù Adémilúyì. Ẹ̀dà ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ wà ní pálọ̀ ilé onílé káàkiri Nàìjíríà nígbà kan, kí wọ́n tó rí ọ̀kan nínú àwọn ojúlówó tó ti sọnù ní fúláàtì kan ní London, tí ilé gbàǹjo Bonhams tà á ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ ní 2018. Ẹni tó bá rí i lára ògiri nínú eré Nàìjíríà kankan, ẹ gbé orúkọ eré àti ìṣẹ́jú ẹ̀ wá síbí, ká lè wo ẹni tí wọ́n fi jókòó sábẹ́ ẹ̀.

Ṣadé_Aríran
Tísà, ìbéèrè kan. Àwòrán ìbí Jésù tí Tom lọ wò ní Palermo nínú Ripley, mò ń lọ sí Ítálì lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé mo lè rí i?

Tísà_Ọnà
O ò lè rí i. Wọ́n jí i gbé ní October 1969 ní Oratorio San Lorenzo, wọn ò tíì rí i títí dòní. Ẹ̀dà kan ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ níbẹ̀ láti 2015. 1961 ni ìtàn Ripley ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí Tom fi bá a lára ògiri. Tó o bá dé Róòmù ṣá, ti Mátíù yẹn wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mú owó ẹyọ dání, torí ẹ̀rọ kan ló máa ń tanná sí i, tí owó bá ti tán, iná á kú.